Ohun Tí Tọ́ọ̀ṣì Dókítà Kò Lè Rí Nínú Ojú

Bí ojú bá pọ́n, gbogbo ilé ló máa ń bá olójú dárò. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ á ní kó lọ sinmi, àwọn ọmọ iléèwé á sì sún sẹ́yìn kó má baà ràn wọ́n. Ojú pípọ́n ní orúkọ tirẹ̀. Ní 1969, ọdún tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, àrùn ojú kan bẹ̀rẹ̀ ní Gánà, ó sì tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni Yorùbá ti ń pè é ní Àpólò títí di òní. Kòkòrò tó ń fà á kò bá òṣùpá tan rárá, ṣùgbọ́n orúkọ náà ń gba aláìsàn sílẹ̀: bó bá ti dá a, wọ́n á gbà á gbọ́, òun náà á sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ kó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere ló le. Ojú náà kò pọ́n, kò wú, kò yọ ìpín, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ní òun ń rí ìlà wọ́gọwọ̀gọ tó ń tàn yòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí pé ohun dúdú kéékèèké ń fò kiri níwájú òun, tàbí pé ẹyinjú ń ro òun láti inú lọ́hùn-ún bí òun bá ti yí i. Ẹlòmíràn á ní gbogbo ohun tí òun ń wò ló ń ta pátápátá bíi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí èrìà rẹ̀ kò gbé NTA dáadáa. Àwọn tó yí i ká á wo ojú náà títí, wọn kò ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni náà fúnra rẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ní Adó-Èkìtì, a mọ ọ̀nà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Kẹ́mísì ló kọ́kọ́ ń yà. Wọ́n á fún un ní ìgò oògùn kékeré kan tí yóò máa kán sójú láàárọ̀ lálẹ́. Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, aládùúgbò á ní kó fi omi ọmú sí i, ẹlòmíràn á ní ìtọ̀ àárọ̀ ni, ẹlòmíràn á ní omi ṣúgà. Bó bá yá, á di ọ̀rọ̀ àdúrà. Ilẹ̀ àdúrà ni Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ibojì Wòólì Ayọ̀ Babalọlá wà, ọ̀pọ̀ ló sì ń gòkè lọ síbẹ̀ tọ̀sán-tòru. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má da omi tí a kò mọ bó ṣe mọ́ tó sínú ojú tó ti ń dunni tẹ́lẹ̀, nítorí awọ tó bo iwájú ẹyinjú fẹ́lẹ́, egbò inú rẹ̀ sì lè di àpá funfun tí kò ní jẹ́ kí ojú náà ríran mọ́ láé.

Nígbẹ̀yìn, ẹni náà á dé Adébáyọ̀, níbi tí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà, tàbí kó gba ọ̀nà Ìdó-Èkìtì lọ sí ti ìjọba àpapọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti mú un dúró ní mítà mẹ́fà sí pátákó lẹ́tà, kó fi ọwọ́ bo ojú kan, kó fi ojú kejì kà á. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, lẹ́tà E nìkan ló wà lórí pátákó tirẹ̀, tí wọ́n yí sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Ìka ni yóò fi júwe ibi tí ẹnu lẹ́tà náà kọjú sí. Wọ́n á wọn bí omi inú ẹyinjú ṣe ń tì í láti inú. Wọ́n á kán oògùn tó ń mú ọmọlójú fẹ̀, kí wọ́n lè fi iná wo ẹ̀yìn ojú, níbi tí awọ tó ń gba àwòrán àti orí iṣan tó ń gbé e lọ sí ọpọlọ wà. Ẹni tí wọ́n bá kán oògùn yìí sí lójú kò ní lè kàwé fún wákàtí bíi mélòó kan, oòrùn á sì máa ta á lójú. Kó má ṣe gun ọ̀kadà fúnra rẹ̀ lọ sílé.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó lè ṣẹlẹ̀ kí dókítà ní, “Ojú yín dára o, n kò rí nǹkan kan.” Àwọn kan á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n á lọ. Àwọn tí ìṣòro náà kò fi sílẹ̀ á padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó ju èyí tí wọ́n gbé wá lọ. Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ojú lè mọ́ kí ìríran má dáa, torí pé ọ̀nà jìn láàárín ẹyinjú àti ibi tí ọpọlọ ti ń mọ ohun tí ó rí, ibi púpọ̀ ló sì wà lójú ọ̀nà náà tí nǹkan ti lè bàjẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tó ń bà á jẹ́ ló ti ẹnu wọlé, tàbí láti ibi iṣẹ́, tàbí láti etí odò, tàbí láti ara àwọn òbí. Tọ́ọ̀ṣì kò lè rí ìyẹn. Àfi kí ẹnìkan béèrè, kí aláìsàn sì sọ ọ́.

Ọmọ Èkìtì kan wà tó fi èyí ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, tí wọ́n bí ní 1935, ka ìwé ní Christ's School ní Adó kó tó di dókítà iṣan àti ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn aláìsàn kan ń wá bá a pẹ̀lú ẹ̀dùn tó dà bíi pé kò so pọ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń jó wọn, ó sì ń kú tipiri. Etí ń di. Ojú ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé ó pọ́n, láìsí pé ohunkóhun bò ó. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pa ojú dé láti bọ́jú láàárọ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, nítorí pé ẹsẹ̀ kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́, ojú tó ń bá a ṣọ́ ọ sì nìyẹn tó pa dé. Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní dókítà mẹ́ta: ọ̀kan fún ẹsẹ̀, ọ̀kan fún etí, ọ̀kan fún ojú, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì rí àrùn náà rárá.

Ọ̀ṣúntókun kó gbogbo rẹ̀ jọ pọ̀. Ó rí i pé iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ló ń gbẹ, pé iṣan etí àti ti ẹsẹ̀ ń bá a gbẹ, pé àrùn kan ṣoṣo ni. Ó wá béèrè ohun tí àwọn ènìyàn náà ń jẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń jẹ ẹ̀gẹ́ lárọ̀ọ́ lálẹ́, láìsí ẹran tàbí ẹja tó tó nǹkan nínú ọbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé kan, sáyánáìdì, tí rírẹ, fífún àti yíyan ń lé jáde. Bí wọ́n bá kánjú ṣe é, díẹ̀ á ṣẹ́kù. Ara máa ń sọ díẹ̀ yẹn di nǹkan mìíràn tí kò lè pani, ṣùgbọ́n inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni èròjà tí ara ń lò fún iṣẹ́ náà ti ń wá. Òtòṣì tí kò ní ìwọ̀nyí, tó sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ìyà náà ń já lé lórí. Ní 1968, ó tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú Brain, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ tó lókìkí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, Monekosso àti Wilson, tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ìlú jáde.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rí ojú tó ń ṣú báyìí. Ní àwọn ọdún 1930, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Moore ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ iléèwé tó ń gbé ní bọ́dìǹ ní gúúsù Nàìjíríà, tí wọn kò lè ka ìwé mọ́, tí ẹnu wọn sì ń bó. Oúnjẹ ni òun náà fura sí. Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí ẹnìkan tó tún jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí tó fi yéni. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rò ó pé iye ojú tó ṣú láàárín Moore àti Ọ̀ṣúntókun kò sí nínú ìwé kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí. Lẹ́yìn tí Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, Dókítà Olúwọlé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ọ̀sọ̀sà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n tẹ èsì jáde ní 2000: nínú 100 ènìyàn, bíi mẹ́fà ló ní àrùn náà, àwọn obìnrin sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 2002, wọ́n tún fi hàn pé ìlú mìíràn wà tí wọ́n ti ń jẹ sáyánáìdì púpọ̀ láti inú ẹ̀gẹ́, tí àrùn náà kò sì pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ nìkan kò tó àlàyé. Mo rò pé ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún èyí gan-an: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yẹ iṣẹ́ ọ̀gá wò, tó ń bi í ní ìbéèrè lẹ́yìn ikú rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀gá náà ló ń ṣe. Ní Èkìtì, iyán là ń pè ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ná iṣu lọ́jà láìpẹ́ yìí mọ̀ pé ẹ̀bà ló ń wọ ọ̀pọ̀ ilé báyìí ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú gàrí tí wọ́n rẹ dáadáa, tí wọ́n fún dáadáa, tí wọ́n yan jinná, bí ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja bá bá a rìn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jó o, kó sọ fún dókítà ojú pé ẹsẹ̀ ń jó òun. Ẹ má rò pé kò kàn án.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí odidi orílẹ̀-èdè kan. Láàárín 1991 sí 1993, lẹ́yìn tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì tó ń ti Kúbà lẹ́yìn wó, tí oúnjẹ wọ́n níbẹ̀, ó lé ní 50,000 ènìyàn tí ojú wọn tàbí ẹsẹ̀ wọn bà jẹ́. Ìwé kò ṣeé kà mọ́, àwọ̀ pupa ń ṣá lójú wọn. Ebi, sìgá àti ọtí ni wọ́n rí pé ó kóra jọ ṣe é. Ìjọba pín fítámì B káàkiri ilẹ̀ náà fún gbogbo ènìyàn, àjàkálẹ̀ náà sì rọlẹ̀.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa tún wà. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, wọ́n á dákú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti tó ènìyàn méjìdínlógún tó ti lọ. Ẹ rántí ìgbà tí a wà nígbà náà: Ebola ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà lọ́dún tó ṣáájú, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì wà lára gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ní Ebola ti padà. Àwọn kan ní ìlú náà ní òrìṣà ló ń bínú, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kan lọ ba ojúbọ jẹ́. Kọmíṣọ́nnà ètò ìlera Oǹdó nígbà náà, Dókítà Dáyọ̀ Adéyanjú, àti àjọ ìlera àgbáyé kó ènìyàn lọ síbẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún Ebola àti àwọn kòkòrò àrùn mìíràn, kò sí níbẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko lóko.

Ojú ni ó tọ́ka sí ìdáhùn, fún ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ka ohun tó ń sọ. Kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀ kí ibà pa ènìyàn kó sì kọ́kọ́ fọ́ ọ lójú. Májèlé kan wà tó jẹ́ pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn: mẹ́tánọ́ọ̀lù. Ó jọ ọtí ní àwọ̀, ó jọ ọ́ ní òórùn, ó sì ń pani bí ọtí. Ẹni tó mu ún lálẹ́ lè sùn kó jí láìsí wàhálà. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ sí ásíìdì kan, ásíìdì náà ló sì ń ba iṣan ojú jẹ́, bíi wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà. Nígbà tí ojú bá ń ṣú, ẹni náà ti gbàgbé ọtí. Àyẹ̀wò fi hàn nígbẹ̀yìn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà nínú ògógóró tí àwọn tó kú mu. Kò pẹ́ tí ó tún pa ènìyàn púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, NAFDAC ní kí ẹnikẹ́ni má ta ògógóró mọ́.

Oògùn wà fún un bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n. Fomepizole wà, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà, ọtí tó mọ́ gan-an sì wà, tí dókítà ń wọ̀n fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn kí ẹ̀dọ̀ lè gbájú mọ́ ọn, kó fi mẹ́tánọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dán ìyẹn wò nílé. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ dúró lórí ìbéèrè kan tí ó yẹ kí wọ́n bi ẹni àkọ́kọ́ tó dé: “Bọ̀dá, kí lẹ mu lánàá? Ta lẹ jọ mu ún?” Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ dáhùn, pàápàá bí ìyàwó tàbí pásítọ̀ bá dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá mú ènìyàn yín lọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé ojú rẹ̀ ṣú lójijì, ẹ jáde fún un kó bá dókítà sọ̀rọ̀. Ní gbogbo gáréèjì Adó ni wọ́n ti ń ta paraga, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú gbogbo ìgò náà.

Oògùn gidi pàápàá ń bá ojú jà. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí etambutọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, kó tètè sọ ọ́ bí pupa àti àwọ̀ ewé bá ń dàrú mọ́ ara wọn lójú rẹ̀. Kuináìnì tó bá pọ̀ jù lè fọ́ni lójú lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọkùnrin tó ń ra sildenafil lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi nítorí iṣẹ́ alẹ́ lè rí i pé gbogbo nǹkan ń dà bí aró lójú wọn. Bí ẹ kò bá sọ fún dókítà pé ẹ mu ún, yóò wá ìdí rẹ̀ títí, kò ní rí i. Ìgò oògùn ojú tí kẹ́mísì fún yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Sítẹ́rọ́ìdì wà nínú àwọn kan. Ó ń mú ara tu ojú kíákíá, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń padà lọ rà á, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kán an fún oṣù púpọ̀ láìsí ẹni tó ń wò wọ́n, ó lè mú kí omi inú ẹyinjú máa ti iṣan ojú títí tí yóò fi kú. Ẹ mú gbogbo ìgò náà dání lọ bá dókítà, àti àgbo pẹ̀lú. Ẹ má tijú.

Kí n yára mẹ́nu kan àwọn mìíràn tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa. Wẹ́dà tí kò wọ awò, tàbí ọmọ tó dúró ti wẹ́dà tó ń wo iná náà, lè máà mọ nǹkan kan títí di òru. Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn náà ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i. Ẹni tí kò so ó mọ́ iṣẹ́ ọ̀sán á wá ọ̀tá tó wá bá a lóru. Ní ti àwọn tó ń dáko létí odò tó ń ṣàn kíákíá (ẹ rántí pé Ìgèdè-Èkìtì ni orísun Ọ̀ṣun), kòkòrò dúdú kékeré kan wà tó ń buni jẹ níbẹ̀, tó ń gbé ọmọ aràn sí ara. Ara á máa yún wọn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní nárun, ojú á sì máa bàjẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa fi Mectizan, oògùn rẹ̀, tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Igi ìwọ̀n ni wọ́n fi ń wo bí ènìyàn ṣe ga tó kí wọ́n tó fún un. Kì í pa àgbà aràn, ọmọ rẹ̀ ló ń pa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà wá lọ́dọọdún. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SC náà wà: wọ́n máa ń sọ fún wọn pé tiwọn fúyẹ́ ju SS lọ, ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀yìn ojú, SC ló sábà ń ṣe burúkú jù. Bí ohun dúdú bá ṣàdédé ń fò lójú wọn, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú ẹyinjú.

Ìlà wọ́gọwọ̀gọ tó ń tàn tí mo mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ó ní orúkọ, ó sì lè jẹ́ pé òun ló ń dẹ́rù ba ènìyàn jù láìsí ìdí. Ẹ̀fọ́rí túúlu ni. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi àmì kékeré kan tó ń tàn, á máa tóbi, á máa sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú ogún sí ọgọ́ta. Orí lè fọ́ lẹ́yìn náà, ó sì lè má fọ́ rárá. Hubert Airy, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí irú rẹ̀ ń ṣe, ya àwòrán tirẹ̀ ní 1870. Ní 1944, Leão ará Bùràsílì rí i nínú ọpọlọ ehoro pé ìgbì kan wà tó ń rọra gba orí ọpọlọ kọjá, tí ó ń pa iṣẹ́ ibẹ̀ dúró díẹ̀. Ìgbì yìí ni wọ́n gbà pé ó ń ya ìlà náà. Ẹ bo ojú kan nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀, kí ẹ tún bo èkejì. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń rí i bí ẹ ti bo èyíkéyìí, ọpọlọ ló ti ń wá. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ojú ni, ẹ tètè lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń rí títa pátápátá nígbà gbogbo náà ti kúrò ní àwàdà: ní 2014, nínú ìwé ìròyìn Brain kan náà tó gba iṣẹ́ Ọ̀ṣúntókun, àwọn dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àrùn kan tó dá dúró ni. Kò ní oògùn tó dájú, kì í sì í fọ́ni lójú. Mo mọ iye tí gbólóhùn kejì yẹn tó fún ẹni tí kò sùn láti oṣù mẹ́ta nítorí ìbẹ̀rù.

Ní ti ojú tó ń ro bí ẹ bá ti yí i, ẹ wo bí dókítà tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Ó á mú ọmọrí ìgò pupa kan, á ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ọ̀tún wò ó. Ẹ wá fi tòsì wò ó. Ṣé bákan náà ló pọ́n?” Màmá á ní, “Rárá o, dókítà. Ti ọ̀tún pọ́n fòò, tòsì yìí ti ṣá.” Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ó sì ti fi hàn pé iṣan ojú òsì ló ń ṣàìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ojú náà lè mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi oògùn kẹ́mísì tọ́jú.

Àwọn kan kò gba ìdúró di ọ̀la. Bí mànàmáná bá ń kọ lójú kan, tí ohun dúdú pọ̀ sí i lójijì, tí òjìji kan sì ń bò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó ṣeé ṣe kí awọ ẹ̀yìn ojú máa ya kúrò. Bí ojú bá ń dunni gan-an, tó pọ́n, tí ènìyàn ń bì, tó sì ń rí òbìrí aláwọ̀ yí iná gílóòbù ká, ọ̀nà omi inú ẹyinjú ló ti dí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣú lójijì, yálà kan tàbí méjèèjì, kó má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Kó lọ lóru yẹn.

Èyí tí kì í dunni rárá ló kù. Nígbà tí wọ́n yẹ ojú àwọn ènìyàn wò káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, wọ́n rí i pé nínú 100 ẹni tó ti pé ogójì ọdún, bíi márùn-ún ló ní gílọkómà, àrùn tó ń ti iṣan ojú títí tí yóò fi kú. Nínú àwọn tó ní i, kò tó mẹ́fà nínú 100 tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìríran ló kọ́kọ́ ń mú lọ, olójú á máa kọsẹ̀, á máa lu igi ilẹ̀kùn, á ní àgbà ló dé. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún ní Adébáyọ̀ tàbí ní Ìdó pé ó ní i, kó pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ti Èkó, ti Lọ́ńdọ̀nù, ti oko, kó ní kí olúkúlùkù lọ wọn ojú rẹ̀ láàárín oṣù yẹn.